Àṣìkọ Ojú Ìwé Ọgọ́ta

Ó pẹ́ tí Leocádio Prestes ti ń ṣa àṣìkọ nínú ìwé ní ìlú Curitiba kí ojú ìwé ọgọ́ta tó sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sín.

Ilé iṣẹ́ kékeré ni tiwọn. Ìwé eré ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń jókòó tì nídìí tábìlì, tí ẹnì kan á máa ka ìtàn, tí àwọn yòókù á máa ju dáìsì láti mọ̀ bóyá wọ́n yè tàbí wọ́n kú. Zoraide ló ni ilé iṣẹ́ náà. Leocádio ló ń ka ohun gbogbo kó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, pẹ̀lú bírò pupa létí.

Ọwọ́ atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Quirino Saldanha ni èyí tó tà jù nínú ìwé wọn ti wá. Inú ọkọ̀ ẹrù ló ti kọ ọ́, lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn òyìnbó kan tí kò ní àmì ohùn rárá. Nígbà tí bébà náà dé, ẹ̀rín pa Leocádio.

"Zoraide, wá wo ìwé tó rin ìhòòhò wọ̀lú. Fi í sílẹ̀ fún mi, màá wọṣọ fún un."

Òun fúnra rẹ̀ ló fi gbogbo àmì sí i, láti orí dé ìdí. Níbi tí gírámà bá ti ń tiro, ó tún un ṣe. Ó ní ó jọ pé ìgbì òkun máa ń mi gírámà àwọn atukọ̀ náà.

Ìtàn ìlú kan tí omi bò ni. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Vovô, ìyẹn Bàbá Àgbà, ló ń tọ́jú iná tó ń fọ̀nà han àwọn ọkọ̀. Vovô yìí ń dirun fún àwọn ọmọdébìnrin, ó ń gbẹ̀bí nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń fi ìpọnbẹ̀ lé àwọn olè lọ.

"Irú bàbá wo rèé?" Zoraide bi í.

"Bàbá ìgbàlódé ni. Èmi náà mọ ẹyin dín."

Wọ́n ya Vovô sára èèpo ìwé, irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ dé àyà. Ìwé jáde, ó sì tà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ eré bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Lójú ìwé ọgọ́ta, Vovó ni wọ́n rí dípò Vovô. Ní èdè wọn, àmì kékeré orí lẹ́tà yẹn nìkan ló ya bàbá àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyá àgbà. Ọwọ́ Leocádio ló yọ̀.

"Bàbá Leo, ẹ kú ewu! Ṣé Bàbá Àgbà ti bí tibi tire?"

"Ìyá ń kọ́?" ni ẹlòmíràn bi í.

Ní ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ṣeré, ẹni tí ojú ìwé ọgọ́ta bá kàn gbọ́dọ̀ wé gèlè kó tó ju dáìsì. Leocádio náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí sàréè òun pé ìyá rere lọ. Ṣùgbọ́n tó bá délé, kò lè jẹun.

Quirino pè é lórí fóònù láti èbúté Santos. Ojú òkun ni ìwé náà ti bá a.

"Mo ti ka ìwé náà, Bàbá," ó wí, ohùn rẹ̀ ń já. "Ẹ ṣé fún ojú ìwé ọgọ́ta. Ẹ ṣé gan-an ni."

Fóònù kú. Leocádio gbé e sílẹ̀ bí ẹni mú irin gbígbóná.

"Òun náà ń fi mí ṣẹ̀sín," ó sọ fún Zoraide. "Ó tiẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀. Leocádio ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé lo àwo ìtẹ̀wé àtijọ́ fún ojú ìwé yẹn nìkan. Vovó tún jókòó síbẹ̀, kò mira. Lọ́tẹ̀ yìí, gèlè gidi ni àwọn ọmọ eré rà fún Leocádio. Ó wé e, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.

"Zoraide, bí àṣìkọ yìí bá tún padà wá, èmi ni kó o lé lọ," ó ní.

"Bàbá, ta ló fẹ́ lé yín?"

"Èmi ni mo fẹ́ lé ara mi."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá wọn lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó dúró síbẹ̀ títí bébà tó ní ojú ìwé ọgọ́ta fi jáde, yíǹkì rẹ̀ ṣì tutù. Ó fi awò kékeré wò ó. Vovô ni, àmì rẹ̀ gún régé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà han aráyé, òjò ń rọ̀ ní Curitiba, wọ́n sì ń se èso igi páìnì nínú ìkòkò ńlá ní ẹ̀yìn ilé ìtajà. Àwọn ọmọ eré yẹ ìwé wò, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n pàtẹ́wọ́. Leocádio tẹrí ba bí òṣèré. Ìgbà náà ni Quirino wọlé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí oòrùn ti sun lójú. Òun àti Leocádio ò tíì rí ara wọn rí. Ó gba ẹ̀dà kan, ojú ìwé ọgọ́ta ló kọ́kọ́ ṣí. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ẹ ti yọ ọ́, Bàbá."

"A ti yọ ọ́!" Leocádio na àyà. "Kò tún ní padà wá mọ́ láéláé."

"Kò burú," ni Quirino wí, ó rọra pa ìwé náà dé, "ìyá ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà ni mo kọ gbogbo ìtàn yẹn lé lórí, ibẹ̀ nìkan lẹ sì ti jẹ́ kó jẹ́ obìnrin."