Orúkọ Alààyè

Bluma Fink, tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínágọ́gù ní àdúgbò Cheetham Hill nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ sọ fún Dora pé ìyá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ikú lọ.

“Ìyá Talia, màmá yín wá bá rábì láàárọ̀ yìí,” ni Bluma wí, ó ń ka bọ́tìnnì sínú ọ̀rá. “Wọ́n ní Perla ni kí ẹ sọ ọmọ tuntun yẹn. Orúkọ àwọn fúnra wọn, àwọn tí wọ́n ná bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi lánàá títí mo fi fẹ́ẹ̀ sunkún.”

Dora kò rẹ́rìn-ín. Talia, ọmọ rẹ̀, ti bí obìnrin ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ. Láàárín àwọn Júù tó ti Jámánì àti Pólàǹdì wá, orúkọ òkú nìkan là ń sọ ọmọ. Bí o bá sọ ọmọ ní orúkọ àgbà tó wà láàyè, málékà ikú tó bá wá mú àgbà lè ṣì í mú ọmọ. Bí kò bá sì ṣì í, o ti ránṣẹ́ pè é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń fi í ṣeré.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀. Perla, bí gbogbo ọjà ṣe ń pè é, ti ń ta àgékù aṣọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti di ọdún mọ́kànlélógún. Ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan, kò gbójú sókè. Dora bi í bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni.

“Màmá, òkú wa pọ̀,” ni Dora wí. “Àwọn tí wọ́n pa nílẹ̀ Jámánì nìkan, orúkọ wọn tó sọ gbogbo ọmọ àdúgbò yìí. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀.”

“Mo ti mú ọ̀kan.”

“Orúkọ ara yín lẹ mú.”

“Orúkọ yẹn ni mo mú.” Ó yíjú sí oníbàárà. “Yáàdì mẹ́ta lẹ wí àbí mẹ́ta àbọ̀?”

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Láti ọgọ́ta ọdún ó dín ọ̀kan tó ti dé ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó ti sọ nípa Leipzig, ìlú rẹ̀ ní Jámánì, kò kún ìbọ̀wọ́ ọmọdé. Dora mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ọmọdé nìkan ló gbé e wá nígbà tí wọ́n ń lé àwọn Júù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, páálí pélébé kan wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà àti orúkọ sí i. Gbogbo àwọn tó kù sẹ́yìn ni wọ́n pa. Páálí náà wà nínú agolo bisikíìtì, òun àti àwòrán obìnrin kan tó dé fìlà. “Ìyá Perla ló so ó mọ́ mi lọ́rùn,” ni yóò wí, á sì pa agolo dé.

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni se àkàrà òyìnbó lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Àbẹ́là ló ń tàn lọ́jọ́ náà, irú èyí tí à ń tàn fún òkú. Bí ara ọmọ kan bá sì gbóná nínú ilé, á gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kò ní dìde títí ara ọmọ yóò fi tutù.

Lọ́jọ́ Àìkú, Talia pe Dora lórí fóònù, ó ń sunkún. Ìyá àgbà ti ní bí kì í bá ṣe orúkọ yẹn, òun kò ní wá. Dora gba ilé ìyá rẹ̀ lọ, kò bọ́ kóòtù.

“Ṣé ayé ti sú yín ni?”

“Kò sú mi. Aṣọ ṣì wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ tà.”

“Tí ikú bá wá ńkọ́?”

“Ikú ti mọ ilé orúkọ yẹn tipẹ́. Jẹun, ẹja wà.”

Dora kò jẹun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó lọ bá rábì kó lè bá òun fi òfin dè é. Ó pàdé ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jáde bọ̀ pẹ̀lú agolo bisikíìtì lábíyá. Rábì ti bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

“Ẹ sọ ọ́ ní Perla,” ni ó wí. “Kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀.”

Dora rán an létí pé lọ́dún tó kọjá ó kọ̀ fún ẹlòmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Rábì ní àṣà wà níbi tó wà, kò yẹ̀, kó lọ bi ìyá rẹ̀. Ó bi í. Ìyá rẹ̀ ní ó di Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe ọkọ Talia síbi ìwé Òfin ní sínágọ́gù, wọ́n sì pe orúkọ ọmọ sókè: Perla. Dora ń wo àyà ìyá rẹ̀ bó ṣe ń mí. Ó ń mí dáadáa.

Nígbà tí wọ́n délé, tí ọtí àti ẹja ti yí ká, arúgbó náà ṣí agolo. Ó so páálí àtijọ́ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ, ó ta okùn rẹ̀ ní kókó méjì.

“Nǹkan rẹ rèé,” ó sọ fún ọmọ. “Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Lẹ́yìn náà ó sọ fún Dora pé èéyi mú Perla láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lọ, wọn kì í sì í gba ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ni ìyá Perla bá bọ́ páálí lọ́rùn ọmọ tirẹ̀, ó so ó mọ́ ọmọ aládùúgbò lọ́rùn, ó ní kó yá orúkọ náà lò títí ọkọ̀ kejì yóò fi gbé Perla dé; Tilla sì ni orúkọ òun, ọmọ aládùúgbò náà.