Ìyá tí Sàlàhúdíìnì Kọ Ikú Rẹ̀

Sàlàhúdíìnì ọmọ Kémta kì í jalè, kì í sì í mutí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn òkìkí ju bó ṣe yẹ lọ, irọ́ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọ́fíìsì kan l'Ékòó ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń polówó ara wọn, ló ti fẹ́ kí wọ́n mọ òun sí ọ̀gá. Àràárọ̀ ló ń kọ ìmọ̀ràn síbẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ó wá rí i pé ẹni tó bá ròyìn ìbànújẹ́ ni wọ́n máa ń kà. Ló bá kọ ọ́ pé ìyá òun ti kú, pé ọwọ́ òun ló kú sí, àti pé ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ló sọ òun di akínkanjú òṣìṣẹ́. Ó fi àwòrán ìyá náà sí i. Àìmọye ènìyàn ló kí i kú àráfẹ́rakù, àwọn iléeṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é kó wá bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá ọ̀hún, Àlàájà Àfúsá, wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Kémta tó ń ta abọ́, ara rẹ̀ le koko.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mosúnmọ́lá, tó máa ń ka ọ̀rọ̀ Sàlàhúdíìnì, yà sí ìsọ̀ náà láti ra abọ́. Bí ìyá ṣe gbójú sókè báyìí, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Mosúnmọ́lá. Ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń pariwo àkúdàáyà. Àwọn aládùúgbò gba fóònù rẹ̀, wọ́n sì ka ohun tí Sàlàhúdíìnì kọ nípa ikú ìyá náà sí ìyá fúnra rẹ̀ létí, títí dórí aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré ń yọ́jú wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó kanlẹ̀.

"Ṣé ó ní mo jìyà kí n tó lọ?" ni ìyá béèrè.

"Rárá, mà," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ó ní òun di ọwọ́ yín mú."

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Nígbà tí Sàlàhúdíìnì gbọ́, ó sáré wá sílé. Ó bá ìyá rẹ̀ nínú ìsọ̀, tó ń bá Ràhámátù aládùúgbò rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ìyá kò yíjú. Ó ní kí Ràhámátù bá òun pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀, pé atẹ́gùn tútù kan ń wọlé.

Ẹ̀rù ba Ràhámátù. "Àlàájà, ọmọ yín ló ń kí yín."

"Níbo?" ni ìyá wí. "Mi ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan."

Sàlàhúdíìnì di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. Ìyá kàn gbọn ẹsẹ̀ náà bí ẹni tí èèrà ń rìn lára rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, Àlàájà Àfúsá ń jẹun, ó ń tajà, ó sì ń dá gbogbo ayé lóhùn, àfi ọmọ rẹ̀. Mosúnmọ́lá ti ròyìn ohun tó rí, kò sì sí iléeṣẹ́ tó tún pe Sàlàhúdíìnì. Ó kọ ọ́ síta pé ìyá òun wà láàyè, òótọ́ àkọ́kọ́ tó kọ nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tí kò tíì gbọ́ ti Mosúnmọ́lá ní irọ́ ni. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ìsọ̀ náà. Àwọn oníbàárà á rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ìyá rẹ̀ á sì máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń yà fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá orúkọ lórí fóònù, kò burú, ẹ máa wá a. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ fi hàn, ì báà pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí ẹni tó bí yín ṣe ìpolówó. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tí ó bá délé lọ́jọ́ kan, kò ní í rí ẹni tí yóò pè é lọ́mọ.