Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Ń Bèèrè

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri máa ń to orin ilé Ìyá Wúrà, a sì máa pa èyí tí kò lórúkọ olórin rẹ́. Lónìí, ó kan orin tí olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ lọ́jọ́ ìkómọ Wúrà. Ohùn bàbá náà kan ṣoṣo tó kù nìyẹn.

"Ta ló kọ ọ́, Ìyá?" ni ẹ̀rọ bèèrè.

"Bàbá Wúrà ni."

"Kò sí nínú ìwé orúkọ ìlú. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí n pa á rẹ́."

Láti ọjọ́ tí Ìyá Wúrà ti wọlé ọkọ, kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ àbísọ ọkọ rẹ̀ rí.

"Olówó orí mi ni, ìwọ olóríkunkun yìí."

"Kò sí i, Ìyá."

Ó rọra kúnlẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Bàbá Wúrà. Látúnjí ni."

Kò tíì dìde tí ohùn ọkọ rẹ̀ fi gba gbogbo iyàrá.