Orin Tí Wọn Ò Tíì Gbọ́

Bírò akọrin náà ti kan ìwé àdéhùn kó tó rí i pé gbogbo orin rẹ̀ ni yóò di ti ilé iṣẹ́ agborinjáde náà títí láé.

"Ọ̀gá, tí mo bá fẹ́ kọ ọ́ fún ọmọ mi ńkọ́?"

"Wàá kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ wa."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó dìde. "Ẹ ṣeun, sà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á máa gbé e jáde fúnra wa."

Ó ti sọ̀kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn kí ọ̀gá náà tó sáré bá a, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àbúrò mi, ṣé ẹ ti ní onígìtá? Èmi náà tọwọ́ bọ irú ìwé yẹn nígbà kan. Ṣùgbọ́n mo ní orin tuntun kan tí mi ò tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni níbí gbọ́."