Kẹ̀kẹ́-Ogun Mẹ́ta ní Gáréèjì Orè

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeé kan, lọ́dún tí àwọn èèyàn ń tò sórí ìlà nítorí ṣúgà, Láoyè dé gáréèjì Orè láti Omífúnfún. Tíṣà ni. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti ìhà Ọ̀yọ́ wá gba iṣẹ́ ní abúlé náà, lọ́rì kòkó ló sì gbé e wá nígbà yẹn, kò wọ mọ́tò ní gáréèjì yìí rí. Ìjọba ológun ní kí gbogbo tíṣà wá fojú hàn ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí aago méjì ọ̀sán bá lù kó tó dé, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Wákàtí méjì ni Àkúrẹ́.

Píjò kan ń kérò. Èèyàn mẹ́fà ti jókòó sínú rẹ̀. Gàzálì tó ń pèrò ń fọwọ́ lu òrùlé mọ́tò.

“Àkúrẹ́! Ẹnìkan péré! Ẹnìkan péré là ń wá o!”

Inú Láoyè dùn. Gàzálì ṣí búùtù fún un. Sípíà táyà nìkan ló wà níbẹ̀, báàgì rẹ̀ sì ráyè nà sí.

Ó kù kó wọlé. Ṣùgbọ́n Láoyè kì í wọ mọ́tò láìkọ́kọ́ wo káàdì. Kì í ṣe káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ lábẹ́ igi o. Tárọ̀ ni wọ́n ń pè é, káàdì aláwòrán tí àwọn ará òkè òkun fi ń wo ọ̀la. Páálí mẹ́ta ló ní: ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan láti Íńdíà, ọ̀kan láti Kútọnu. Ó jókòó sórí béǹṣì, ó da ti Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ra, ó fa ẹyọ kan yọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Kẹ̀kẹ́-Ogun ni. Ó wò ó títí.

“Mi ò lọ mọ́,” ló wí.

“Tíṣà, kí ló dé?” Gàzálì bi í.

“Ẹ wo ọkùnrin yìí nínú kẹ̀kẹ́. Ẹranko méjì ló yẹ kó fà á, dúdú kan, funfun kan. Kò sí ìjánu lẹ́nu wọn. Wọ́n tilẹ̀ jókòó! Mọ́tò tí kò ní sítíárìn, tí kò sì ní gbéra, ni wọ́n fi hàn mí.”

Ìyá àgbà tó wà níwájú yọrí síta. Màmá Lydia ni wọ́n ń pè é, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé pé Lydia òun ń rọbí ní Àkúrẹ́ láti ìdájí.

“Yéè! Ọmọ mi, ṣàánú mi! Ṣé nítorí páálí ni kí n má rí ọmọ-ọmọ mi?”

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abraham, tó wọ agbádá funfun, sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní ìgbéyàwó òun ni òun ń lọ, ìyàwó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba káàdì náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, ta ló rí mọ́tò tó ń kérò tó ń sáré? Gáréèjì ni àwọn ẹranko yìí wà. Ẹnìkan ló kù kí wọ́n gbéra. Ẹ̀yin náà ni!”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Láoyè létí. Síbẹ̀, ó ṣí páálí Íńdíà, ó wá Kẹ̀kẹ́-Ogun tibẹ̀ jáde kó lè fi wéra. Ẹṣin méjì ló wà nínú tìyẹn, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì.

“Ẹ ò rí i? Wọ́n á fa mọ́tò ya sí méjì!”

Màmá Lydia gba káàdì náà. Ó kọ́kọ́ dorí rẹ̀ kodò, ó tún un dì mú.

“Orè nìyí kẹ̀! Ẹṣin yìí ń lọ Èkó, èkejì ń lọ Bìní. Ta ló wà láàárín, tó kọjú síwájú gan-an? Èrò Àkúrẹ́ ni!”

Àwọn tó wà nínú mọ́tò pàtẹ́wọ́. Oníbúrẹ́dì kan ń kọjá lọ, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Lydia,” màmá sì dá a lóhùn.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Dẹ́rẹ́bà ń sùn lábẹ́ igi. Láoyè mú ti Kútọnu jáde. Nínú tìyẹn, ẹṣin méjèèjì níyẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò sì kanlẹ̀.

“Mọ́tò tó fò kúrò lójú títì, ikú ni,” ló wí.

“Ikú kẹ̀?” Àgbàdo sísun kún ẹnu Abraham. “Ẹ mọ bí táyà ṣe gbówó lórí lásìkò yìí? Mọ́tò tí táyà rẹ̀ ò kanlẹ̀, táyà rẹ̀ ò lè bẹ́ láéláé! Ṣọ́jà gan-an ò lè dá a dúró!”

“Òótọ́ ni!” ni gbogbo wọn wí.

Màmá Lydia di ọwọ́ Láoyè mú láti ojú fèrèsé. Omi ti lé sí i lójú.

“Bí wọ́n bá pa orúkọ rẹ rẹ́ nítorí ẹṣin tó níyẹ̀ẹ́, kí lo máa sọ fún ìyá tó bí ọ?”

Láoyè rántí ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé owó oṣù yìí ló ń bọ́ ọ.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà.”

“Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Wọlé, ọmọ mi. A jọ ń lọ ni.”

Ó kó káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápò, ó rá wọ ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Ariwo ayọ̀ sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, torí kò rí àjèjì tó fẹ́ràn ara wọn báyìí rí láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá gbéra báyìí, á dé Àkúrẹ́ kí aago méjì tó lù. Ó dijú láti gbàdúrà ìrìn àjò, àdúrà náà sì gùn díẹ̀.

Nígbà tó máa fi ṣe àmín, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú Píjò náà, Màmá Lydia ti jókòó síwájú mọ́tò Oǹdó tó wà lẹ́yìn wọn, ó ń fomi ojú bẹ obìnrin kan tó gbé àpótí lọ́wọ́ pé kó jọ̀ọ́ tètè wọlé, Lydia òun ń rọbí ní Oǹdó.