Ògiri Tí Wọ́dìn Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Fọwọ́ Kàn

Wọ́dìn ìjọ na apá méjèèjì, ó fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Trevanna bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i gbé.

"Ẹ ò ní fọ́ ọ! Ẹgbẹ̀rin ọdún ni ṣọ́ọ̀ṣì yìí ti wà láìní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń mú un mọ́ra!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá Thirza fi dá a lóhùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ẹ̀yìn ibojì ló sì máa ń sá lọ nínú òjò bí ìwàásù bá gùn. "Bí ẹ ò bá gbà lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kejì ni mò ń lọ."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Wọ́dìn ti fi gbèjà ògiri náà. Èèyàn mọ́kànlá péré ló kù nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ògiri ò sá lọ síbì kankan.

Rosalind, onímọ̀ ilé àtijọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù rán wá, rọra fi òòlù yọ òkúta kan ṣoṣo lábẹ́ apá Wọ́dìn, ó tan iná sínú ihò náà.

"Yàrá kan wà níbí! Àwọn àlùfáà àtijọ́ ló kọ́ ọ!"

Orí Wọ́dìn wú. "Ṣé ẹ rí i? Ibi mímọ́! Bí wọ́n ṣe ń lò ó nígbà yẹn gan-an ni ká ṣe máa lò ó." Rosalind kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù; Wọ́dìn já a gbà, ó fọwọ́ sí i. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìjókòó olókùúta kan, pẹ̀lú ihò láàárín. Ṣáláńgá wọn ni."

Màmá Thirza gba òòlù, ó fi lé Wọ́dìn lọ́wọ́.

"Ẹ yára, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí."