Gbá-a-kó-tàn àti Wáyà Tí Kò Fún

Ọ̀lẹ kọ́ ni Gbá-a-kó-tàn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Àìfarabalẹ̀ ni tirẹ̀. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kan tó máa ń ṣe parí. Bí rédíò bá dákẹ́, kò ní tú u wò. Á gbá a lẹ́yìn, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ wò ó, ó ti tán." Bí fáànù ò bá yí, ìgbájú ni. Bí àwa tí ṣọ́ọ̀bù wa wà ládùúgbò ṣe sọ ọ́ ní Gbá-a-kó-tàn nìyẹn, òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan. Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n yìí, ó sì mọṣẹ́ débi pé bó bá jó irin méjì pọ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà ń jò, ó sì ti sú obìnrin yìí láti máa gbọ́n omi òjò kúrò nídìí irin. Ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ẹ̀rọ kéde ìdíje àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń jà. Ẹ̀rọ irin méjì á wọ inú kéèjì, àwọn tó ni wọ́n á dúró níta, wọ́n á máa fi rìmóòtù darí wọn. Èyí tó bá dákẹ́ ni wọ́n ṣẹ́gun. Àwọn tó bá borí, ilé iṣẹ́ á gbà wọ́n síṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ń wá.

Ó jó ara rọ́bọ́ọ̀tì wọn, ó pọ́n abẹ tó ń yí níwájú rẹ̀ títí ó fi mú bérébéré. Wáyà àti bátìrì inú rẹ̀, ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àbúrò. Kí ni àbúrò ṣe? Ó lọ́ wáyà mọ́ra wọn, ó fi tépù wé e, ó pa á dé. Kò yọ́ léèdì lé e lórí kó lè dì mọ́ra. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé léèdì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń yọ́ ọ sì ti gbóná.

Nígbà tí wọ́n dán an wò, rọ́bọ́ọ̀tì rìn díẹ̀, ó dákẹ́. Gbá-a-kó-tàn gbá a, ó tún rìn.

"Kí ló ṣe é?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Kò ṣe nǹkan kan, Àǹtí mi. Oorun ló ń kùn ún."

"Tú u, kó o jó wáyà yẹn pọ̀ dáadáa. Mi ò fẹ́ ìtìjú o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pó ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ara mi ò gbà á, mo dá sí i. Mo ní, "Ìwọ oníná yìí, bó bá dákẹ́ nínú kéèjì, ta ló máa bá ọ gbá a?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ máa ran bàtà mi. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo padà sídìí bàtà mi tìbínú-tìbínú.

Nígbà tí ìdíje dé, wọ́n borí nínú ìjà àkọ́kọ́, wọ́n tún borí nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ku àṣekágbá. Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun. Rọ́bọ́ọ̀tì tọ̀hún forí sọ tiwọn, wáyà inú rẹ̀ mì, ó sì dákẹ́ sójú kan. Gbá-a-kó-tàn tẹ rìmóòtù títí, asán ni. Ó nawọ́, irin kéèjì dí i lọ́nà. Adájọ́ kà á jáde.

Nígbà tí wọ́n ṣí kéèjì, ẹ̀gbọ́n wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì mú rọ́bọ́ọ̀tì níwájú kó lè gbé e jáde. Òfin ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ bátìrì, iṣẹ́ Gbá-a-kó-tàn sì ni. Ó tẹ̀ lé e wọlé, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́. Kò tilẹ̀ pa rìmóòtù. Ojú ló ń tì í, ó fẹ́ káwọn èèyàn rí i pé iṣẹ́ òun ò bàjẹ́.

"Kò kú," ló ń wí. "Ẹ jẹ́ n fi hàn yín." Ló bá gbá a.

Wáyà fara kan wáyà, abẹ sì yí. Ó gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń jórin.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wá bá wọn ní ọsibítù, ó ti gbọ́ pé ẹnì kan fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó jẹ́. Ó ní ìjà tí wọ́n pàdánù ò kan òun, pé ẹni tó jó irin yẹn lòun ń wá. Obìnrin náà gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè, kó rí i. Gbá-a-kó-tàn wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ wá fún un. Ó máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn ò sì jà. Nígbà kan tí mo wà níbẹ̀, gílóòbù yàrá obìnrin náà ti jó. Àbúrò ní kí òun pààrọ̀ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì jókòó sínú òkùnkùn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ pé ìgbájú ló ń jí i, a ò tíì tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní kó o tú u wò, tú u wò, kó o jó ohun tó yẹ ní jíjó kó o tó pa á dé. Má sì rò pé ìwọ nìkan ni àbùkù iṣẹ́ rẹ máa bá, nítorí ará ilé ẹni ni òkò tí a sọ sọ́jà ń bà. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.